Ohun Tó Ń Pinnu Bóyá Aláìsàn Yóò Yè: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Agboolé

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, aboyún, arúgbó, ẹni tí kì í jẹun kánú, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tàbí fòníkú-fọ̀ladìde: àìsàn máa ń tètè borí irú wọn. Lọ́jọ́ tí àìsàn bá dé, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí ìyẹn mọ́. Ohun tó kù sọ́wọ́ yín ni àkókò, ibi mẹ́ta ló sì ti máa ń ṣòfò: nínú ilé, níbi tí ẹ ti ń jiyàn bóyá kí ẹ lọ tàbí kí ẹ dúró, lójú ọ̀nà, àti nílé ìwòsàn tí kò bá ní ẹ̀jẹ̀, ọ́síjìn tàbí òṣìṣẹ́. Ti inú ilé ni ẹ lè tètè tún ṣe jù.

Ibà ọmọdé àti gìrì

Láàárín ọjọ́ kan, ibà lè le mọ́ ọmọdé lọ́wọ́. Bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ orí ìka rẹ̀ wò lọ́jọ́ náà gan-an. Bí wọ́n bá rí kòkòrò ibà nínú rẹ̀, ẹ lo ACT, oògùn ibà alápapọ̀, fún ọjọ́ 3 pé. Ẹ má dá a dúró lọ́jọ́ kejì torí pé ara rẹ̀ ti tutù. Kòkòrò tó ṣẹ́kù ni yóò tún gbérí.

Àmì 4 kan wà tí kò yẹ kí ẹ dúró wò: ọmọ kò lè mu omi tàbí ọmú, ó ń bi gbogbo ohun tó bá jẹ, gìrì mú un, ó ń sùn lọ tí ẹ kò rí i jí. Oògùn ẹnu kò tó fún un mọ́, abẹ́rẹ́ artesunate ló nílò. Ìwádìí ńlá kan tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010 lórí àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà fi hàn pé ikú dín kù ní nǹkan bí ìdá 22 nínú 100 lára àwọn tí wọ́n fún ní artesunate dípò quinine, oògùn ibà tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Bí ilé ìwòsàn bá jìn, òṣìṣẹ́ ìlera lè ti artesunate bọ ihò ìdí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6. Kò ní kí ẹ má lọ o: ṣe ló kàn ń dì í mú títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Bí gìrì bá mú un, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ tú aṣọ tó bá fún un lọ́rùn. Ẹ má fi ṣíbí tàbí ìka sí i lẹ́nu, ẹ má sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ síná. Àgbo ìtọ̀ màlúù ló burú jù. Ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó ń dí èémí lọ́wọ́, ó sì lè bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tí kò mọ ibi tó wà. Bẹ́ẹ̀ àìtó ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ wà lára ohun tí ibà líle fi ń pa ọmọ. A mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú kí ìyá àgbà sáré wá a kiri, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ bá wọn sọ ọ́ kí gìrì tó dé.

Tó bá ti jí, tó lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un lọ́mú. Bí kò bá sí ọmú, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì 4, tó dọ́gba lẹ́nu ṣíbí, mọ́ 200 ml omi mímọ́, kí ẹ fún un ní 30 sí 50 ml kí ẹ tó gbéra. Bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá funfun, ẹ̀jẹ̀ ti dín lára rẹ̀ nìyẹn: ẹ mú àgbàlagbà méjì tó lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ dání.

Ìgbẹ́ gbuuru

Omi àti iyọ̀ tó ń bá ìgbẹ́ jáde ló ń pa ọmọ. Ọ̀rá pure water 2 tó jẹ́ 50 cl ni lítà 1. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, torí àwọn kan kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ da odindi ọ̀rá kékeré kan ti ORS, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ti pò fún ìgbẹ́ gbuuru, èyí tó wà fún lítà 1, sí i, ẹ má pín in sí méjì. Bí omi bá kéré jù, iyọ̀ náà yóò ṣe ọmọ léṣe. Bó bá pọ̀ jù, kò ní ṣiṣẹ́. Níbi tí kò bá sí ORS, ṣúgà ṣíbí tíì 6 àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, gbogbo rẹ̀ dọ́gba lẹ́nu ṣíbí, sínú lítà 1.

Lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọmọ tí kò pé ọdún 2 yóò mu 50 sí 100 ml, èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò mu 100 sí 200 ml. Bó bá bì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ wá máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ da èyí tó bá ti lo wákàtí 24 nù. Ẹ máa fún un ní oògùn síǹkì pẹ̀lú fún ọjọ́ 10 sí 14: 10 mg lójúmọ́ fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, 20 mg fún èyí tó ti pé. Ẹ má dá oúnjẹ àti ọmú dúró. Bí ojú bá ti jìn wọnú, tí ẹ fún awọ ikùn tí kò tètè padà, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ

Èyí kì í dúró de ẹnikẹ́ni: láàárín wákàtí 2 ìyá lè ti lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ibi tí ẹ fẹ́ bímọ sí kí oyún tó gbó: ṣé wọ́n ní oxytocin, abẹ́rẹ́ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ ìyá dúró, ṣé inú fíríìjì ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí? Ooru ń ba oògùn yìí jẹ́, ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló gbọ́dọ̀ wà. Ìwádìí kan tó jáde ní 2023, tí Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè 4 tí wọ́n ti ṣe é, fi hàn pé bí wọ́n bá tẹ́ ọ̀rá tó ní ìlà òṣùwọ̀n sábẹ́ ìyá láti fi wọn ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, tí wọ́n sì ṣe gbogbo ìtọ́jú pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ń le máa ń dín kù ní ìdá 60 nínú 100. Ojú lásán máa ń fojú kéré ẹ̀jẹ̀. Bí aṣọ ìdí bá rin gbingbin kí ìṣẹ́jú 5 tó pé, ẹ gbé e lọ.

Ejò àti rọpárọsẹ̀

Bí paramọ́lẹ̀ tàbí sèbé bá ṣá èèyàn lóko, ẹ bọ́ òrùka àti bàtà rẹ̀, ẹ fi igi gbè é kí ẹsẹ̀ má mì, ẹ gbé e, kó má fi ẹsẹ̀ rìn. Ẹ má so okùn mọ́ ọn, ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fà á mu. Okùn máa ń pa ẹran ara. Ẹ kọ́kọ́ fi fóònù béèrè ilé ìwòsàn tó ní oògùn oró ejò, kí ẹ má baà lọ lásán.

Bí ẹnu bá ṣàdédé wọ́, tí apá kan rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́, ẹ wo aago. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì kò ṣeé lò mọ́ lẹ́yìn wákàtí 4 àbọ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ya àwòrán ọpọlọ kí wọ́n tó fún un. Ẹ má fún un ní oúnjẹ, omi tàbí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó lè há a lọ́fun.

Kí àìsàn tó dé

Ẹ ya owó ọkọ̀ sọ́tọ̀. Ẹ tọ́jú nọ́ńbà ọlọ́kadà àti awakọ̀ tó ń gbé nítòsí, tó lè jáde lóru. Ẹ fẹnu kò sí i pé ìyá tó wà nílé lè gbé ọmọ jáde láì dúró de baálé tó wà lóko. Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, ẹ sọ aago tí ó bẹ̀rẹ̀ àti gbogbo ohun tí aláìsàn ti lò, títí kan àgbo, láì fi ọ̀kan pamọ́, torí nọ́ọ̀sì yóò lò ó láti mọ oògùn tó yẹ àti ìwọ̀n rẹ̀.