Bí a ṣe ń fi tónà wá okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọn kò tíì fi orí sí

Bí okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì Cat6 bá kún inú sílíìnì, tí kò sí èyí tó ní orí RJ45 (orí tí à ń kì bọ ara ẹ̀rọ), tí ẹnikẹ́ni kò sì kọ nǹkan kan sára wọn, tónà ló máa sọ èyí tó lọ sí yàrá wo. Ẹ̀yà méjì ló ní: àpótí kékeré tó ń rán ohùn wọ inú wáyà, àti ọ̀pá tí a fi ń gbọ́ ọ. Ẹ kọ́kọ́ yẹ bátìrì àwọn méjèèjì wò. Bátìrì tó ti ń kú á mú kí ohùn lọ sílẹ̀, ẹ ó sì máa rò pé okùn ló já.

Ẹ rí i dájú pé ìdí kejì okùn náà kò sí lára súwíìṣì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀. Iná PoE, ìyẹn iná tí súwíìṣì ń rán gba inú okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó máa ń tó fóòtì 48, lè ba tónà jẹ́. Bí kò bá tilẹ̀ sí PoE, súwíìṣì á gbé ohùn náà mì.

Ẹ bó eèpo ìta kúrò ní bíi sẹ̀ǹtímítà 5, kí ẹ sì bó orí wáyà tí ẹ fẹ́ lò. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: wọn á fi kílíìpù pupa ara àpótí tónà mú wáyà búlúù, wọn á fi kílíìpù dúdú mú funfun tó lọ́ mọ́ búlúù yẹn. Nítorí lílọ́ yẹn, ohùn ara ọ̀kan á máa pa ti èkejì, díẹ̀ lẹ ó gbọ́. Ẹ fi pupa mú búlúù, kí ẹ fi dúdú mú wáyà aláwọ̀ ọsàn.

Ní ìdí kejì, ẹ gbé ohùn ọ̀pá sókè, kí ẹ fi wá ìdì okùn tó ń dún. Lẹ́yìn náà, ẹ dín in kù, ẹ ya àwọn okùn sọ́tọ̀, kí ẹ fi ẹnu ọ̀pá kan orí wọn níkọ̀ọ̀kan. Ohùn máa ń ràn mọ́ okùn tó bá sùn tì í, nítorí náà, èyí tó dún jù ni kí ẹ mú. Híhùn tó ń lọ gbọọrọ láìyí padà, ti wáyà iná ni. Ohùn tónà máa ń lọ sókè sódò. Bó bá jẹ́ okùn tí wọ́n fi fóìlì wé, orí wáyà tó wà níhòòhò nìkan lẹ ti máa gbọ́ ọ dáadáa.

Kí ó lè dá yín lójú, ẹ fi búlúù àti ọsàn kan ara wọn níbi tí ẹ ti rí i. Bí ohùn bá wálẹ̀ lójijì, òun gan-an ni. Bí kò bá yí padà, okùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ mú.

Ẹ kọ nọ́ńbà kan náà sí ìdí méjèèjì lójú ẹsẹ̀, ní bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sí ẹnu okùn, kí ẹni tó máa gé e láti fi orí sí i má baà gé nọ́ńbà náà dànù.