Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Bí A Bá Ń Múra Sílẹ̀ fún Òkùnkùn Ọlọ́jọ́ Gbọọrọ

Iṣẹ́ wáyà ni mò ń ṣe. Èmi ni wọ́n máa ń pè kí n wá so inverter, kí n wá gbé pánẹ́ẹ̀lì sólà sórí òrùlé, kí n wá wo ìdí tí bátìrì tí wọ́n rà lánàá fi kú lónìí. Ohun tó ń bí mi nínú jù níbẹ̀ ni owó tí mo ń rí tó ń ṣòfò. Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣọ́wó ná kó tó rí owó kó jọ, yóò gbé gbogbo rẹ̀ lé ẹ̀rọ tí kò ní gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ tí iná bá lọ tí kò padà. Ìdí kan náà ló sábà máa ń fà á: òkùnkùn wákàtí mélòó kan ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń rajà, wọn ò ronú kan ti ọ̀sẹ̀ kan.

Bẹ́ẹ̀, òkùnkùn tó ń bo agbègbè ńlá mọ́lẹ̀ kì í ṣe àlọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2003, nǹkan bíi mílíọ̀nù 50 èèyàn ni iná lọ mọ́ lójú ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ní òpin oṣù Keje ọdún 2012, àwọn tó fara gbá a ní Íńdíà lé ní mílíọ̀nù 600. Ní Puerto Rico, lẹ́yìn ìjì líle Maria ti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan kí iná tó dé ilé àwọn tó gbẹ̀yìn.

Tí ẹ bá ń rò pé súìṣì kan wà níbì kan tí ẹnì kan máa tẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ padà, kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń pèsè iná fúnra rẹ̀ nílò iná kó tó lè ṣiṣẹ́: iná ló ń yí pọ́ǹpù rẹ̀, iná ló ń yí fáànù rẹ̀. Àwọn tó lè dá dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fún wọn níná kò pọ̀, àwọn tó ń fi omi odò ṣiṣẹ́ ló sì sábà máa ń wà nínú wọn. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ti máa ń fa iná dé ọ̀dọ̀ èkejì, kí wọ́n tó máa dá a padà fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀. Tí ẹrù tí wọ́n gbé lé e bá ju agbára rẹ̀ lọ, ó tún máa dàwó. Torí náà, ẹ má fi "ó máa dé lálẹ́ yìí" ṣètò ilé yín.

1. Ríra ẹ̀rọ ńlá láì ka ohun tí ilé ń jẹ

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti dùn mí jù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Nọ́ńbà kVA tí wọ́n kọ sára inverter ń sọ ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sọ iye wákàtí tó máa fi gbé e. Bátìrì ló ń sọ ìyẹn. Àmọ́ ẹ wo bí àwọn èèyàn ṣe ń rajà: wọ́n á bèèrè inverter tó tóbi jù lọ, owó á tán sórí rẹ̀, wọ́n á wá fi èyí tó ṣẹ́ kù wá bátìrì kiri.

Ọkùnrin kan pè mí lóru ọjọ́ kejì tí iná ti lọ. Inú ń bí i gidigidi. Ẹni tó ta ẹ̀rọ fún un ti fi dá a lójú pé inverter 5 kVA náà máa gbé gbogbo ilé, títí kan ẹ̀rọ amúlétutù. Nígbà tí mo débẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ń fi iná fóònù tàn sídìí àpótí náà fún mi. Iná pupa kan ń ṣẹ́jú níwájú rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì ń ké fíìn, fíìn, láìdákẹ́. Bátìrì mẹ́rin ló wà nídìí rẹ̀, fóòtì 12 (12 V) àti áńpíà-wákàtí 100 (100 Ah) ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, irú èyí tí wọ́n ń fi òjé àti ásíìdì ṣe.

Ẹ̀yìn páálí inverter yẹn gan-an la ti ṣe ìṣirò náà. 12 lọ́nà 100 jẹ́ 1,200 Wh, ìyẹn wáàtì lọ́nà wákàtí, ìwọ̀n iná tó wà nínú bátìrì. Tí ẹ bá sọ ọ́ di mẹ́rin, 4,800. Ṣùgbọ́n bátìrì olójé kì í fẹ́ kí wọ́n fà á kọjá ìlàjì. Ẹni tó bá ń fà á gbẹ nígbà gbogbo ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú. Ó ku 2,400. Inverter á jẹ tirẹ̀ níbẹ̀ bó ṣe ń yí iná padà, ó ku nǹkan bíi 2,100. Ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ń jẹ bíi wáàtì 900. Ní wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀, ó parí. Ọkùnrin náà gba báírò lọ́wọ́ mi, ó tún ìṣirò náà ṣe fúnra rẹ̀, iye kan náà ló rí. Ó jókòó, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni tó ta ọjà yẹn fún un ló ń bí mi nínú, torí ìṣirò ìṣẹ́jú mẹ́ta ni, kò sì bá a ṣe é.

Ẹ wá gbà á láti ọ̀nà kejì. Gílóòbù LED mẹ́rin, wáàtì 10 ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí 5: 200 Wh. Fáànù kan tó ń jẹ wáàtì 50, fún wákàtí 8: 400. Fóònù mẹ́rin, bíi 15 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: 60. Ẹ fi 40 kún un fún rédíò àti nǹkan kékeré mìíràn: 700 Wh lóòjọ́. Bátìrì kan náà tó kú láàárín wákàtí méjì lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn ì bá gbé ilé rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láìsí oòrùn kankan. Tí pánẹ́ẹ̀lì wáàtì 300 kan bá wà lórí òrùlé, tó ń rí oòrùn gidi fún wákàtí 4, nǹkan bíi 1,000 Wh ló máa dá padà lójúmọ́. Ẹni tó ní ìyẹn lè máa gbé ayé rẹ̀ lọ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń tajà kì í sọ. Inverter ńlá ń jẹ iná bí kò tilẹ̀ gbé nǹkan kan. Òmíràn ń jẹ wáàtì 50 lórí ìjókòó. Ẹ ṣe é ní wákàtí 24: 1,200 Wh. Ó ti ju ohun tí gbogbo ilé tí a kà lókè yẹn ń jẹ lóòjọ́. Inverter kékeré, tí ẹ ń pa nígbà tí ẹ ò bá lò ó, ni mo fi ṣe ìṣirò ọjọ́ mẹ́ta yẹn.

Mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó mú owó jáde, ẹ gbé ìwé. Ẹ kọ àwọn nǹkan tí ẹ ò lè wà láìní lóòjọ́ sílẹ̀. Wáàtì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ wà lára rẹ̀, lẹ́yìn tàbí nísàlẹ̀. Ẹ fi wákàtí tí ẹ fẹ́ lò ó sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ohunkóhun tó bá ń mú nǹkan gbóná, kẹ́tùrù oníná, áyọ́ọ̀nù, sítóòfù oníná, ẹ pa á rẹ́ kúrò nínú ìwé yẹn; gáàsì ni kí ẹ fi dáná. Ìwé yẹn lẹ máa mú lọ sọ́jà. Tí ẹni tó ń tajà ò bá fẹ́ wò ó, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

2. Sólà tí kò ní bátìrì

Ọ̀pọ̀ rò pé níwọ̀n ìgbà tí pánẹ́ẹ̀lì bá ti wà lórí òrùlé, òkùnkùn ò kàn wọ́n. Sólà tí wọ́n so mọ́ iná ìjọba nìkan máa kú ní ìṣẹ́jú kan náà tí iná ìjọba bá kú. Wọ́n dìídì ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí iná má baà ti orí òrùlé yín sá jáde lọ pa àwọn tó ń tún wáyà ṣe níta. Ọ̀sán gangan ni iná lọ ní Sípéènì àti Pọ́túgàlì ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2025. Ilé tó ní irú sólà yìí, oòrùn lásán ló kù ú kù. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe é fún yín: "Tí iná ìjọba bá lọ, ṣé èyí á ṣì máa ṣiṣẹ́?" Ẹ ní kó pa súìṣì àgbà lójú yín kí ẹ tó san owó tó kù.

3. Jẹnẹrétọ̀ lábẹ́ fèrèsé

Èyí ló ń pa èèyàn, kì í ṣe owó nìkan ló ń kó lọ.

Gáàsì kan wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń jẹ́ carbon monoxide. Kò láwọ̀, kò lóòórùn. Agbára tó fi ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ fi ìlọ́po tó lé ní 200 ju ti oxygen, afẹ́fẹ́ tí ara wa nílò, lọ, nítorí náà ó ń gba àyè mọ́ oxygen náà lọ́wọ́. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ni, òòyì á máa kọ́ni, èébì á máa gbéni, àárẹ̀ á sì mú ara. Ẹni tó bá ti sùn lọ kó tó dé lè má jí mọ́. Ní Texas, nígbà tí iná lọ nínú òtútù oṣù Kejì ọdún 2021, gáàsì yìí pa èèyàn: àwọn kan tan mọ́tò sílẹ̀ nínú gáréèjì, àwọn kan finá sí èédú nínú ilé kí ara wọn lè móoru.

Mo dé ilé kan láàárọ̀ tí wọ́n ní kí n wá wo jẹnẹrétọ̀ tí kò fẹ́ dúró. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ni wọ́n gbé e sí, kí olè má baà jí i. Ara ògiri tó wà lókè rẹ̀ ti dúdú, etí kọ́tìnì yàrá àwọn ọmọ náà ti dúdú. Ìyá wọn ní orí ti ń fọ́ wọn láti ìjẹta, pé òun ti ń fún wọn ní oògùn. Mi ò fọwọ́ kan jẹnẹrétọ̀ yẹn. Mo ní kí wọ́n kó àwọn ọmọ jáde síta, kí wọ́n sì gbé wọn lọ sílé ìwòsàn kíá. Ara wọn padà bọ̀ sípò, mo dúpẹ́. Àmọ́ tí jẹnẹrétọ̀ yẹn bá fi lè dúró dáadáa, ta ni ì bá pè mí?

Mítà 6 sí ilé, ó kéré tán, kí ojú ẹ̀rọ tó ń tú èéfín sì kọ̀yìn sí ilé. Tí ẹ bá ń bẹ̀rù olè, ẹ fi ṣéènì dè é mọ́lẹ̀. Fèrèsé tí ẹ ṣí sílẹ̀ ò ní kí èéfín má wọlé. Ẹ̀rọ kékeré tó ń ké tí gáàsì yìí bá ti wà nínú ilé wà lọ́jà. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ tó ra jẹnẹrétọ̀ rárá.

Wáyà olórí méjì tí wọ́n fi ń ti iná jẹnẹrétọ̀ bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri: ẹ má ṣe é láé. Iná náà á jáde sí òpó, tiransifọ́má á sì gbé e ga di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì lórí ẹni tó gun òkè láti bá yín tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ fi súìṣì changeover sí i, èyí tí kì í jẹ́ kí iná jẹnẹrétọ̀ àti iná ìjọba pàdé.

Epo bẹntiróò tí ẹ kó jọ ń bàjẹ́. Tó bá ti kọjá oṣù 3 sí 6, ó lè máa dá ẹ̀rọ láàmú. Ẹ máa lò ó kí ẹ máa fi tuntun rọ́pò rẹ̀, ẹ má sì tọ́jú rẹ̀ sínú ilé. Ẹ jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ tutù kí ẹ tó da epo sí i. Iná ló ń fa epo sókè nílé epo, nítorí náà ọjọ́ tí òkùnkùn dé kọ́ ni ọjọ́ tí à ń wá epo.

Ti fírìjì náà ń bí mi nínú. Àwọn kan á fi jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ nítorí fírísà kan, epo ọjọ́ mẹ́rin á tán lọ́jọ́ kan. Fírìjì tí wọn ò ṣí á mú òtútù rẹ̀ dúró fún nǹkan bíi wákàtí 4. Fírísà tó kún dẹ́nu lè dúró fún wákàtí 48, èyí tó kún dé ìdajì fún wákàtí 24. Ẹ rọ omi sínú ike kí ẹ fi dí àyè tó ṣófo nínú rẹ̀ láti ìsinsìnyí. Wákàtí díẹ̀ láàárọ̀ àti díẹ̀ lálẹ́ tó fún un. Ẹran tàbí wàrà tí òtútù ti kúrò lára rẹ̀ tipẹ́, ẹ má fi imú gbóòórùn rẹ̀ dá a láre. Ẹ dà á nù.

Ẹni tó ń lo insulin, ẹ má jẹ́ kí àyà rẹ̀ já lásán. Ọ̀pọ̀ irú insulin lè wà níta fìríjì fún nǹkan bíi ọjọ́ 28 tí ooru ibi tó wà kò bá kọjá 30°C. Ẹ̀rọ amúnimí ní tirẹ̀ ò ṣeé fi sílẹ̀ di ọjọ́ ìṣòro: ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa bí ẹ ṣe máa rí sílíńdà oxygen kí iná tó lọ.

Omi ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, torí wọn ò rí iná nínú rẹ̀. Iná ló ń ti omi dé ẹnu ẹ̀rọ yín. Lítà 4 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́ ni kí ẹ tọ́jú, fún mímu àti dídáná nìkan. Èyí tí kò bá dá yín lójú, ẹ jẹ́ kó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú 1 gbáko.

Ẹ tọ́jú owó kéékèèké sílé. Ẹ̀rọ tó ń pọ owó àti ẹ̀rọ káàdì ò mọ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ní rédíò tó ń lo bátìrì, torí bátìrì òpó fóònù lè má ju wákàtí mélòó kan lọ. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì LED rọ́pò àbẹ́là. Àwọn tí ilé wọn jóná nítorí àbẹ́là nínú òkùnkùn pọ̀.

Èyí tó kù ni ti ọjọ́ tí iná bá padà dé, tí gbogbo ilé á pariwo, tí tẹlifíṣọ̀n á sì jó. Iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà lè ga sókè, lè wálẹ̀, lè tún lọ. Gbàrà tí iná bá ti lọ ni kí ẹ ti yọ gbogbo nǹkan kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí sítóòfù àti áyọ́ọ̀nù, kí ẹ fi gílóòbù kan ṣoṣo sílẹ̀. Tí gílóòbù yẹn bá tàn, ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú 15. Tí kò bá ṣẹ́jú, tí kò sì tàn jù bó ṣe yẹ, ẹ ki fírìjì bọ̀ ọ́. Ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó kan pọ́ǹpù omi, torí àwọn tó ní mọ́tò nínú kì í fẹ́ kí wọ́n tan àwọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.