Bí mo ṣe mọ iṣẹ́ tó yẹ ká gbé síta àti èyí tó yẹ kó dúró sílé

Nígbà tí ọ̀gá wa ti ìpàdé àwọn onílé-iṣẹ́ dé láti Ìkẹjà lọ́dún 2024, ọ̀rọ̀ kan ló ń tẹnu mọ́: "Gbogbo ẹgbẹ́ wa ti gbé iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ àti iṣẹ́ owó oṣù fún agbaṣẹ́ṣe. Àwa nìkan ló kù." Ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n fi ṣètò rẹ̀. Ike là ń ṣe, ní Olúyọ̀lé, n'Íbàdàn. Èmi ni mo sì ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́.

Kí n tó gba ìwé iye owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo lọ bá àwọn tó fẹ́ ẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo bi wọ́n ní ìdí rẹ̀. Ọ̀gá ò fẹ́ kí ojú ti òun láàárín ẹgbẹ́. Ẹni tó ń yẹ ìwé owó wa wò ní bí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ṣe ń ṣe nìyẹn. Ọ̀gá tó ń mójú tó ọjà títà ní oníbàárà wa tó tóbi jù fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́, wọ́n sì béèrè orúkọ ilé-iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ wa níbẹ̀. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sẹ́ni tó dárúkọ owó. Ìyẹn dẹ́rù bà mí. Mo rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé: ní 1989, Kodak, ilé-iṣẹ́ fíìmù àti kámẹ́rà ní Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún IBM, ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá mìíràn ní Amẹ́ríkà sì ń tẹ̀ lé e, débi pé orúkọ Kodak ni àwọn onímọ̀ fi ń pe irú wíwo ẹlòmíràn ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo pe arábìnrin tó ń mójú tó ọjà rírà lọ́dọ̀ oníbàárà yẹn. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé dandan ni kí ẹ̀ṣọ́ wa ti ọ̀dọ̀ agbaṣẹ́ṣe wá?" Ó ní rárá o. Ìwé tí àlejò ń kọ orúkọ sí, àti ẹ̀rí pé wọ́n kọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ níṣẹ́, lohun tí àwọn fẹ́ rí. A ti ń bẹ̀rù àṣẹ tí ẹnikẹ́ni ò pa.

Síbẹ̀ mo gba ìwé iye owó méjì. Mo bi wọ́n pé èló ló máa dé ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀kan kọ̀, kò sọ. Iye tí èkejì sọ kò tó 70,000 náírà tí òfin 2024 ní kí owó oṣù má ṣe dín sí, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fi owó tiwọn àti VAT (owó orí ọjà àti iṣẹ́) 7.5% lé e lórí. Mo pa ìwé méjèèjì dé. Ọmọ àdúgbò ni àwọn ẹ̀ṣọ́ wa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà; bí ẹnìkan bá ń yọ́ rìn lẹ́yìn ọgbà, wọ́n mọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Bàbá Ọdẹ tiẹ̀ wá bá mi: "Màdáámú, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ tà wá fún àwọn ará Èkó." Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá, ẹnikẹ́ni ò tà yín."

Ti owó oṣù yàtọ̀. Akọ̀wé kan ṣoṣo ló ń ṣe é. Ó ṣàìsàn, a sì pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Òfin 2014 ní kí owó ìfẹ̀yìntì, 8% lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ àti 10% lọ́wọ́ wa, wọlé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 tí a bá ti sanwó. Owó orí kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 10 oṣù tó tẹ̀ lé e. Láìní ìwé ẹ̀rí PenCom, àjọ ìjọba tó ń rí sí owó ìfẹ̀yìntì, a ò lè du iṣẹ́ ìjọba. Àṣẹ gidi nìyí. Mo gbé ìyẹn síta, ṣùgbọ́n mo sọ fún ọ̀gá pé bí agbaṣẹ́ṣe bá pẹ́, àwa náà ni ìjọba máa mú, nítorí náà ẹ̀rí ìsanwó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ mi lóṣooṣù. Nítorí òfin ààbò dátà 2023, a kọ ọ́ sínú àdéhùn pé wọn ò gbọdọ̀ fi nọ́ńbà báńkì òṣìṣẹ́ ṣe ohun mìíràn.

Ọ̀gá ka ìwé mi títí. "Kí ni màá wá sọ fún wọn ní ìpàdé?" Mo ní kó ka ojú ìwé kejì fún wọn, níbi tí mo kọ iye tó ń dé ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ sí.

A rán àwọn ẹ̀ṣọ́ lọ kọ́ṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí àwọn aṣojú oníbàárà wá wò wá, Bàbá Ọdẹ na ìwé àlejò sí wọn lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n kọ orúkọ, wọ́n kọ aago, wọ́n wọlé.