Kí Ẹ Tó Fọ́mátì Kọ̀ǹpútà Yín, Ẹ Kọ́kọ́ Gba Àṣẹ Kúrò Lórí Rẹ̀

Iṣẹ́ títún kọ̀ǹpútà ṣe ni mò ń ṣe. Ìbéèrè kan wà tí àwọn oníbàárà mi kì í yéé bi mí lẹ́yìn tí mo bá ti fọ́mátì ẹ̀rọ wọn, ìyẹn ni pé mo nu inú rẹ̀ mọ́, tí mo sì gbé Windows tuntun sí i: “Pásíwọ́ọ̀dù mi tọ̀nà, owó mi ni mo fi ra fíìmù yìí, kí ló wá dé tí kò ṣí?” Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé pásíwọ́ọ̀dù ń fi ẹni tí ẹ jẹ́ han ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ti ra fíìmù náà ni, kò fi kọ̀ǹpútà tí ẹ ń lò hàn án. Ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n mọ̀ yín, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n mọ ẹ̀rọ yín.

Ti Apple ni màá fi ṣàlàyé, torí òun ni mo mọ̀ dunjú jù. Nígbà tí wọ́n ṣí iTunes Store, ilé ìtajà wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́dún 2003, kọ̀ǹpútà 3 péré ni àkáǹtì kan lè fún láṣẹ, ìyẹn ni pé kí wọ́n lè ṣí ohun tí ẹ rà. Ní 2004 wọ́n sọ ọ́ di 5, 5 náà ló sì wà títí dòní. Fóònù àti táblẹ́ẹ̀tì kò sí nínú iye yìí, kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ń kà. Orin tí ẹ bá rà kò fi bẹ́ẹ̀ kàn yín mọ́, torí láti 2009 ni wọ́n ti ń ta orin láìtì í pa, ibi tó bá wù yín lẹ lè gbé e lọ. Fíìmù àti eré tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ṣì ń tì.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ẹ̀rọ? Bí ẹ bá ti ní kí wọ́n fún kọ̀ǹpútà láṣẹ, ètò iTunes á wo inú ẹ̀rọ náà, á sì ṣa àmì rẹ̀ jọ. Àwọn tó tú àṣírí rẹ̀ láyé àtijọ́ rí i pé lórí Windows, ohun mẹ́rin ló ń kó: nọ́ńbà tí Windows fún díráìfù C, irú BIOS (ètò tó kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ bí ẹ bá tan ẹ̀rọ) tó wà nínú rẹ̀, orúkọ CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), àti nọ́ńbà Windows fúnra rẹ̀. Ó máa ń po gbogbo rẹ̀ pọ̀ di nọ́ńbà kan ṣoṣo, nọ́ńbà yẹn ni ilé ìtajà á sì kọ sábẹ́ orúkọ yín. Wọ́n á wá fi kọ́kọ́rọ́ àkáǹtì yín ránṣẹ́ padà, á sì wà ní ìpamọ́ lórí kọ̀ǹpútà náà. Ìdí nìyẹn tí fíìmù tí ẹ ti gbà sílẹ̀ fi lè ṣí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá da kọ́kọ́rọ́ yẹn kọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, òtúbáńtẹ́ ni, torí nọ́ńbà ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ni wọ́n fi tì í.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ bá fọ́mátì. Nọ́ńbà díráìfù C yí padà. Nọ́ńbà Windows náà lè yí padà. Kọ̀ǹpútà kan náà ni lójú yín, àlejò pátápátá ni lójú ilé ìtajà. Ó di kọ̀ǹpútà kejì nínú ìwé wọn, ti àkọ́kọ́ kò sì kúrò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ní láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ṣe lè lo àyè 5 tán. Apple fúnra wọn sọ fún àwọn tó ń lo Windows pé kí wọ́n gba àṣẹ kúrò kí wọ́n tó fi RAM, ìyẹn mẹ́mórì ẹ̀rọ, kún un, kí wọ́n tó pààrọ̀ háàdì dísíìkì, tàbí kí wọ́n tó gbé Windows tuntun sí i.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é rèé. Bó bá jẹ́ iTunes ni ẹ ń lò lórí Windows, ẹ ṣí i. Bí mẹ́nù kò bá hàn lókè, ẹ tẹ Ctrl àti B pọ̀. Ẹ lọ sí Account, lẹ́yìn náà Authorizations, kí ẹ wá tẹ Deauthorize This Computer. Ẹ fi pásíwọ́ọ̀dù sí i, ó parí. Lórí Mac, ìyẹn kọ̀ǹpútà Apple, láti ìgbà tí ẹ̀dà macOS tó ń jẹ́ Catalina jáde lọ́dún 2019, inú Music tàbí Apple TV ni ẹ ó ti rí i, mẹ́nù Account kan náà ni. Bí àkáǹtì méjì bá ti gba àṣẹ lórí ẹ̀rọ kan, bíi ti ọkọ àti ti ìyàwó, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó máa gbà kúrò. Ẹ má sì rò pé bí ẹ bá ti jáde kúrò nínú àkáǹtì tàbí tí ẹ pa iTunes rẹ́, àṣẹ ti kúrò. Kò kúrò rárá.

Bí kọ̀ǹpútà bá ti kú, tàbí olè ti gbé e lọ ńkọ́? Ẹ ṣí iTunes lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ lọ sí Account, View My Account, ẹ ó rí iye kọ̀ǹpútà tó ní àṣẹ níbẹ̀, àti bọ́tìnnì Deauthorize All. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan péré ló ní àṣẹ, bọ́tìnnì náà kò ní hàn. Kò sí pé ẹ ń ṣa ọ̀kan mú o: gbogbo wọn ló ń gbà kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó sì wá lọ fún èyí tí ẹ ṣì ń lò láṣẹ padà. Ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún ni wọ́n ń gbà yín láyè láti tẹ̀ ẹ́. Ní tèmi, n kì í jẹ́ kí oníbàárà fọwọ́ kàn án bí àyè bá ṣì kù. Ta ló mọ èyí tó máa bàjẹ́ lóṣù tó ń bọ̀?

Ìṣòro kan tún wà tó máa ń dá ènìyàn lágara: ẹ fún kọ̀ǹpútà láṣẹ, ó ní ó dáa, ẹ tẹ fíìmù, ó tún ní kí ẹ fún òun láṣẹ. Fódà tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ló ti bàjẹ́. Orúkọ rẹ̀ ni SC Info, lórí Windows ó wà ní C:\ProgramData\Apple Computer\iTunes. Ó fara pa mọ́, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ ní kí Windows máa fi àwọn fódà tó fara pa mọ́ hàn. Ẹ pa iTunes dé, ẹ pa fódà náà rẹ́, ẹ tan kọ̀ǹpútà padà, kí ẹ wá fún un láṣẹ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Spotify, ètò tí wọ́n fi ń gbọ́ orin, kò ní irú wàhálà yìí. Ẹ̀rọ 5 ló lè gba orin sílẹ̀. Bí ẹ bá gbà á sórí ìkẹfà, orin orí èyí tí ẹ ti pẹ́ jù láti lò ni wọ́n á pa rẹ́. Kí ẹ ṣáà ti wọ íntánẹ́ẹ̀tì ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 30.

Fún ìwé tí wọ́n ń kà lórí kọ̀ǹpútà, ètò Adobe Digital Editions ni ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé àti ilé ìtàwé ń lò, kọ̀ǹpútà 6 ni tiwọn. Inú mẹ́nù Help ni Authorize Computer wà. Wọ́n á fi àpótí kan hàn yín pé ẹ lè gba àṣẹ láìlo orúkọ àkáǹtì kankan. Ẹ má fi àmì sí i, torí ìwé tí ẹ bá gbà lọ́nà yẹn kò ní ṣí lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, bí ẹ̀rọ yẹn bá sì kú, ìwé bá a lọ. Láti gba àṣẹ kúrò, Ctrl, Shift àti D ni ẹ ó tẹ̀ pọ̀. Bí ẹ̀rọ bá ti kú kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, tí 6 sì ti pé, àwọn òṣìṣẹ́ Adobe ni ẹ ó kàn sí pé kí wọ́n bá yín dá àyè náà padà.