Bí a ṣe ń kó àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba kúrò lórí sáfà àtijọ́ láìba orúkọ ẹnikẹ́ni jẹ́

Láti ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ààbò dúró lórí Windows Server 2012, ètò tó ń darí ọ̀pọ̀ sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú dátà fún àwọn kọ̀ǹpútà yòókù), àfi fún ẹni tó bá san owó àfikún. Bí owó oṣù àti àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́ bá ṣì wà lórí irú sáfà bẹ́ẹ̀, ó ti tó àkókò láti kó wọn kúrò. Ẹ̀rọ tuntun kọ́ ni ìṣòro; ẹni tó lówó á rà á. Ìgbà tí wọ́n bá ń kó dátà láti ọ̀kan sí èkejì ni nǹkan máa ń bàjẹ́, ibẹ̀ la ó sì pẹ́ sí jù.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń lo sáfà náà. Àṣẹ netstat -ano á fi àdírẹ́sì gbogbo kọ̀ǹpútà tó ń bá a sọ̀rọ̀ lásìkò náà hàn. Ẹ máa ṣe é léraléra lójoojúmọ́, tọ̀sán tòru, fún oṣù kan gbáko, kí oṣù náà sì kan ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń san owó oṣù, nítorí iṣẹ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé ìparí oṣù nìkan ló ń jí. Kọ̀ǹpútà abẹ́ tábìlì kan lè máa fa orúkọ sínú Excel lálaalẹ́ kí ẹnikẹ́ni má rántí ẹni tó gbé e síbẹ̀.

Yàrá sáfà ò le. Kí ooru ibẹ̀ wà láàárín 18°C sí 27°C. Thermometer olówó pọ́ọ́kú kan lára ògiri tó. Ẹ̀rọ amúlétutù méjì ni kó wà, kí wọ́n máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ẹ má fi yàrá náà sábẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Sáfà méjì tó ń jẹ wáàtì 400 níkọ̀ọ̀kan àti switch (àpótí tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀) tó ń jẹ 60 jẹ́ wáàtì 860: UPS 2 kVA, ẹ̀rọ oníbátìrì tó ń gbaṣẹ́ bí iná bá lọ, á gbé e, ṣùgbọ́n 3 kVA ni kí ẹ rà, irú tí wọ́n ń pè ní online, tí iná rẹ̀ kì í já rárá nígbà tó bá ń gbaṣẹ́. Inverter tí wọ́n fi ń gbé fáànù àti tẹlifíṣọ̀n nílé kò lè rọ́pò rẹ̀, torí pé bó ti wù kó yá tó láti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ NEPA, ó lè pẹ́ ju ohun tí sáfà lè fara dà lọ. Bátìrì UPS náà kì í fẹ́ ooru: ní gbogbo 10°C tí ooru bá fi kọjá 25°C, ọjọ́ ayé bátìrì á dín sí nǹkan bí ìdajì.

Lórí ẹ̀rọ tuntun, Proxmox VE ni kí ẹ lò kí sáfà púpọ̀ lè gbé inú ẹ̀rọ kan. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì sí ẹni tó máa ṣàdédé fi owó lé e bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí àwọn oníbàárà VMware, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, lẹ́yìn tí iléeṣẹ́ Broadcom rà á lọ́dún 2023. Disk2vhd ti Microsoft, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ pẹ̀lú, á ya gbogbo ohun tó wà lórí disk àtijọ́ sínú fáìlì kan.

Kí ẹ tó kó ohunkóhun, ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà nínú ilé mìíràn. Ẹ wá dá ọ̀kan nínú wọn padà sórí ẹ̀rọ tó ṣófo, kí akọ̀wé owó jókòó tì í, kó ṣí owó oṣù tó kọjá, kó ní òun rí i. Bí èyí ò bá tíì yọrí, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.

Orúkọ, odo àti ọjọ́ ìbí

Ohun mẹ́ta ló máa ń bàjẹ́ lójú ọ̀nà, orúkọ ló sì burú jù. Nínú SQL Server, ètò database (ibi ìkó-àkọsílẹ̀-sí) ti Microsoft, òpó tí wọ́n ṣe ní varchar (irú tó ń gba ìwọ̀nba lẹ́tà) pẹ̀lú ètò Latin1 mọ é àti á, ṣùgbọ́n kò mọ ẹ, ọ àti ṣ. Bí Adéṣọlá bá gba inú rẹ̀ kọjá, Adé??lá ni yóò jáde. Kì í ṣe pé lẹ́tà náà fara pa mọ́ o, ó ti lọ nìyẹn, kò sì sí àṣẹ kankan tó lè dá a padà. Nvarchar, irú tó ń gba lẹ́tà gbogbo èdè, ni kí ẹ ṣe gbogbo òpó orúkọ, orúkọ ìlú àti àdírẹ́sì kí dátà tó wọlé, kí ẹ sì fi N ṣáájú ọ̀rọ̀ nínú àṣẹ yín: N'Adéṣọlá'. Ẹni tó bá gbàgbé N yẹn á ba orúkọ jẹ́ nínú òpó tó dára. Bó bá jẹ́ MySQL, tó jẹ́ database mìíràn, ètò lẹ́tà utf8mb4 ni kí ẹ lò.

Bí ẹ bá rí áº¹ níbi tó yẹ kí ẹ wà, tàbí á¹£ níbi tó yẹ kí ṣ wà, ẹ fọkàn balẹ̀. Lẹ́tà náà ṣì wà, a kàn ń fi ìlànà tí kì í ṣe tirẹ̀ kà á ni. Ẹ padà sí fáìlì náà, kí ẹ sọ fún ẹ̀rọ pé UTF-8, ìlànà tó mọ lẹ́tà gbogbo èdè, ni. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ fọwọ́ tún un kọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èyí tó ń fara sin ni ti ẹ́. Kò sí kóòdù ẹyọ kan fún un. Ẹnìkan lè tẹ ẹ kó fi àmì òkè lé e, ẹlòmíràn á tẹ é kó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, orúkọ méjì ni, ẹni tó bá sì ń wá ọ̀kan kò ní rí èkejì. Ìlà kan nínú èdè kọ̀ǹpútà Python, unicodedata.normalize("NFC", orúkọ), á sọ gbogbo wọn di ọ̀kan. Database PostgreSQL náà ní normalize() láti ẹ̀yà 13. Kí ohunkóhun tó wọnú database tuntun, ẹ jẹ́ kó gba ibẹ̀ kọjá.

Excel ló ń jẹ odo. Nọ́ńbà àkáǹtì 0123456789 á di 123456789, owó oṣù ẹni náà á sì pòórá lọ́jọ́ tí wọ́n bá sanwó. Ẹ má fi ìtẹ̀ méjì ṣí CSV, fáìlì tí wọ́n fi kómà pín òpó rẹ̀. Ẹ gba inú Data, From Text/CSV, kí ẹ sọ òpó àkáǹtì àti ti fóònù di Text. Ó tún sàn bí ẹ kò bá jẹ́ kí Excel dé ìdí ọ̀rọ̀ náà rárá.

Ọjọ́ ìbí wá ńkọ́? Bí kọ̀ǹpútà bá wà ní ètò Amẹ́ríkà, 03/04/1968 tí ẹ pè ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin á di ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ń fẹ̀yìn tì ní ọmọ ọgọ́ta ọdún tàbí lẹ́yìn ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé, nítorí náà lẹ́tà ìfẹ̀yìntì á fi oṣù kan yá ẹni ẹlẹ́ni. Ọjọ́ tó bá ju 12 lọ kì í yí padà, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá kàn yẹ ìlà mẹ́wàá wò fi lè ní kò sóhun tó ṣe é. Ọdún ni kí ẹ máa kọ́kọ́ kọ: 1968-04-03.

Lẹ́yìn tí ẹ bá kó o tán, ẹ ka iye ìlà níbí àti lọ́hùn-ún, ẹ ro owó oṣù gbogbo pọ̀ títí dé kọ́bọ̀, ẹ wá àkáǹtì tí gígùn rẹ̀ kì í ṣe 10, ẹ sì ka iye orúkọ tó ní àmì ìbéèrè nínú. Bí iye yẹn bá ju ti àtijọ́ lọ, ẹ pa ohun tí ẹ kó rẹ́, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, fáìlì oníwèé ni kí ẹ fi tún un ṣe. Ẹ mú orúkọ 50 tó ní ẹ, ọ tàbí ṣ, kí ẹni tí fáìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀ wò wọ́n, kó sì fọwọ́ sí ìwé pé òun wò ó.

Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù, ni kí ẹ yí i padà. Ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ dín TTL (iye ìṣẹ́jú àáyá tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí àdírẹ́sì) inú DNS, ìwé orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn sáfà, sí 300, kí gbogbo kọ̀ǹpútà lè rí àdírẹ́sì tuntun láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Sáfà àtijọ́ ò gbọdọ̀ kú. Ẹ sọ ọ́ di èyí tí a lè kà ṣùgbọ́n tí a kò lè kọ nǹkan sí fún 90 ọjọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ disk rẹ̀ kí ẹ tó gbé igbá rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 kò yọ iléeṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Ẹ lu disk onírin níhò mẹ́ta, kó gba inú àwo tó ń yí kọjá. Ti SSD, disk tí kò ní àwo tó ń yí, ẹ ṣí i, kí ẹ lu chip dúdú kọ̀ọ̀kan, nítorí ihò tó bá bọ́ sáàárín wọn kò pa nǹkan kan rẹ́.