Lẹ́yìn Ìbálòpọ̀ Láìsí Ìdáàbòbò: Ṣé Oyún Lè Dúró?

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń gbé lóko, ẹ̀yin ọmọge, àti ẹ̀yin ọkọ náà o, torí ẹ̀yin méjèèjì lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ìbéèrè kan wà táwọn obìnrin máa ń fohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bi nọ́ọ̀sì ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà: kọ́ńdọ̀mù bẹ́, tàbí a ò tiẹ̀ lo nǹkan kan, ṣé mo ti lóyún nìyẹn? Tí tọkọtaya bá ń bára wọn sùn fọ́dún kan gbáko láìlo nǹkan kan, nínú 100 obìnrin, bí 85 ló máa lóyún. Ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yàtọ̀, ọjọ́ tó bọ́ sí ló ń pinnu ẹ̀.

Ọjọ́ wo ló léwu?

Ẹyin obìnrin kì í pẹ́ rárá, tó bá ti jáde, wákàtí 12 sí 24 péré ló ní, tí àtọ̀ ò bá bá a níbẹ̀ ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Àtọ̀ ló ń pẹ́. Ó lè wà láàyè nínú obìnrin fún ọjọ́ 5, ìyẹn ni pé bẹ́ẹ bá sùn pọ̀ lọ́jọ́ ọjà, wọ́n lè ná ọjà tó tẹ̀ lé e tán kí àtọ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀ tó ń retí ẹyin. Ìdí nìyẹn tọ́jọ́ tó léwu fi ń tó bíi 6 lóṣù: ọjọ́ 5 ṣáájú kẹ́yin tó jáde, àti ọjọ́ tó jáde gan-an.

Ìgbà wo ló wá ń jáde? Ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í, wọ́n á ti gbọ́ ọjọ́ 14 lẹ́nu ọ̀rẹ́, wọ́n á wá gbá a mú. Bí ọjọ́ 14 ṣáájú nǹkan oṣù tó ń bọ̀ lẹyin máa ń jáde, kẹ́ẹ má kà á látorí èyí tó lọ. Ẹni tó ń rí tiẹ̀ lọ́jọ́ 28, ọjọ́ 14 náà ni lóòótọ́. Ẹni tó ń rí tiẹ̀ lọ́jọ́ 35, bí ọjọ́ 21 ni. Ẹni tí tiẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 21 ńkọ́? Bí ọjọ́ 7, ẹ̀jẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá ni, torí náà tí wọ́n bá bá a sùn nígbà tó ṣì ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́, oyún lè dúró. Àìsàn àti wàhálà náà lè sún un síwájú sẹ́yìn. Ẹni tóṣù ẹ̀ ò dúró sójú kan, kó kúkú gbà pé gbogbo ọjọ́ ló léwu fóun.

Àwọn tó ń fọ́mọ lọ́mú máa ń rò pé àwọn ti bọ́. Ọmú ń dáàbò boni lóòótọ́, àmọ́ ó dìgbà tọ́mọ ò bá tíì pé oṣù 6, tí nǹkan oṣù ò tíì padà, tó sì jẹ́ pé ọmú nìkan lọ́mọ ń mu tọ̀sán-tòru. Tẹ́ẹ bá ti ń rọ omi àti àgbo fún un, ẹ ti jáwọ́ nínú ìdáàbòbò yẹn nìyẹn. Ẹyin máa ń kọ́kọ́ jáde kí nǹkan oṣù tó padà, bẹ́ẹ̀ lèèyàn ṣe ń lóyún lórí ọmọ ọmú láìrí nǹkan oṣù kankan.

Ọkọ tó ní òun fà á yọ kí àtọ̀ tó dà, ìyẹn náà ò dáni lójú. Nínú 100 obìnrin tó gbára lé ìyẹn, bí 20 ló ń lóyún láàárín ọdún kan.

Ẹ má dúró dọjọ́ ọjà

Oògùn tí wọ́n ń lò lẹ́yìn ìbálòpọ̀ wà ní kẹ́míìsì, Postinor-2 lọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Hóró méjì ni, ẹ lè lo méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ bá ṣe tètè lò ó ló ṣe máa ṣiṣẹ́ tó, kó má sì kọjá wákàtí 72, ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí lálẹ́ Fráídè, alẹ́ Mọ́ńdè ló pé. Ó ṣì lè ràn yín lọ́wọ́ títí di ọjọ́ 5, àmọ́ agbára ẹ̀ ti dín kù gan-an. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì lóko, ọjọ́ ọjà nìkan ló ń wọ̀lú, ṣùgbọ́n èyí ò ṣeé fi dọ́jọ́ ọjà, ẹ wá owó ọ̀kadà.

Ṣe ni oògùn yìí ń dá ẹyin dúró kó má tíì jáde, torí náà tẹ́yin bá ti jáde ṣáájú, kò ní lè ṣe nǹkan kan sí i. Kì í ṣẹ́yún tó ti dúró, kì í sì í sọ obìnrin dàgàn. Tẹ́ẹ bá bì í láàárín wákàtí 2, ẹ lo òmíì. Ẹni tó ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, oògùn wárápá tàbí àwọn oògùn HIV kan, kó sọ fún nọ́ọ̀sì, torí wọ́n lè dín agbára ẹ̀ kù. Èyí tó dájú jù ni kọ́pà tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ, tí wọ́n bá fi sí i láàárín ọjọ́ 5, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí obìnrin tó máa lóyún, ó tún lè wà níbẹ̀ fún ọdún 10.

Omi iyọ̀, kán-ún, ọsàn wẹ́wẹ́, ògógóró táwọn kan ń lò kí oyún má bàa dúró, gbogbo ẹ̀ inú ikùn lásán ni wọ́n ń lọ, wọn ò débi tí àtọ̀ wà, iyọ̀ púpọ̀ sì lè ṣe ẹlẹ́jẹ̀ ríru ní jàǹbá. Fífi omi fọ ojú ara náà ò wúlò, àtọ̀ ti gòkè kẹ́ẹ tó débi omi.

Tó bá jẹ́ pé wọ́n fipá bá èèyàn sùn, tàbí tẹ́ẹ ò mọ bára ẹni yẹn ṣe rí, ẹ sọ ọ́ ní jẹnẹrà, oògùn tó ń dènà HIV wà, wákàtí 72 ni tòun náà.

Àyẹ̀wò

Ẹ má ṣe àyẹ̀wò oyún lọ́jọ́ kejì, kò lè tíì hàn. Ẹ dúró kí nǹkan oṣù kọjá ọjọ́ ẹ̀, tàbí ọ̀sẹ̀ 3 lẹ́yìn ìbálòpọ̀ yẹn, ìtọ̀ àkọ́tọ̀ àárọ̀ ló dáa jù. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó wá lẹ́yìn oògùn kò túmọ̀ sí pé oyún ò sí o. Tí ìlà bá jẹ́ méjì lára ohun tẹ́ẹ fi yẹ ìtọ̀ wò, oyún ti wà nìyẹn, ẹ lọ rí nọ́ọ̀sì, ẹ má gba abẹ́rẹ́ tàbí àgbo lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tí ikùn bá ń dun yín gidi lápá kan, tẹ́jẹ̀ ń wá, tójú ń ṣú yín, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kódà kó jẹ́ òru.