Jíà Ferrari kì í ṣe jíà Camry: àwọn àṣìṣe tó ń jẹ owó yín

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má tún gbé Ferrari wá bá mi kó ní, "Ọ̀gá, jíà ọ́tò ni o, ó kàn máa ń fò tó bá fẹ́ gbéra." Ó ti sú mi. Ká ní wọ́n kó ìdajì owó tí mo ti rí tí àwọn èèyàn dà sómi lórí jíà mọ́tò olówó ńlá ní Èkó yìí fún mi ni, ǹ bá ti bọ́ kúrò nínú Corolla 2005 tí mò ń wà. Bẹ́ẹ̀ ni, oní-Corolla ló ń gba onílé Banana Island nímọ̀ràn. Ẹ fara dà á. Inú mọ́tò lẹ̀yin máa ń wà, abẹ́ rẹ̀ lèmi máa ń wà, ohun tí mo sì ń rí níbẹ̀ kò dára.

Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti A, B, D. Ẹ mọ iṣẹ́ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ sì mọ̀ pé tòkunbọ̀ kì í ṣe tuntun.

Èkíní: pípe gbogbo mọ́tò tí kò ní pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì ní ọ́tò. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n. Mercedes SL55 AMG àti SLR McLaren ń lo ọ́tò gidi, èyí tí torque converter, ohun tó ń fi ọ́ìlì gbé agbára ẹ́ńjìnnì fún jíà, wà nínú rẹ̀ bíi ti Camry, àfi pé tiwọn lágbára jù. Ferrari F355 oníjíà F1 tó jáde ní 1997, 360 àti F430 tí wọ́n ní irú jíà kan náà, Lamborghini Gallardo e-gear, Audi R8 R tronic: mánúà ni gbogbo wọn. Kílọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Dípò ẹsẹ̀ yín, agbára hydraulic, ìyẹn ọ́ìlì tí pọ́ǹpù ń tì, ló ń tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà ló sì ń pàṣẹ. Ẹ̀kẹta ni àwọn oníkílọ́ọ̀ṣì méjì: PDK ti Porsche, Ferrari California àti 458, Nissan GT-R, Lamborghini Huracán. Ẹ má sì fi owó díwọ̀n rẹ̀ o. Lamborghini Aventador tí wọ́n ṣe láti 2011 dé 2022, pẹ̀lú bó ṣe wọ́n tó, kílọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ló ní.

Èkejì: fífi oníkílọ́ọ̀ṣì kan yọ́ rìn nínú gosiló. Ọ́ìlì ló wà láàárín ẹ́ńjìnnì Camry àti jíà rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi lè rákò láti Ọ̀jọ́ta dé Ìkòyí tí nǹkan kan kò ní ṣe é. Ní ti Gallardo, ojú kílọ́ọ̀ṣì ló ń ha irin. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tú bíréèkì díẹ̀, tí ẹ tẹ tọ́tù díẹ̀, tí ẹ tún dúró, ẹ ti gé nínú rẹ̀. Mo ti rí èyí tó tán pátápátá kó tó rin 10,000 kìlómítà lórí kílọ́ọ̀ṣì tuntun.

Rìfáàsì ló burú jù. Púpọ̀ nínú ilé Lẹ́kkí ni wọ́n gbé sókè nítorí omi òjò, tí wọ́n fi kọnkéré ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sẹ́nu géètì. Ẹ wá wo ọmọkùnrin kan tó ń fi rìfáàsì gbé Gallardo gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn díẹ̀díẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ká a sí fídíò, òórùn iná ti gba àdúgbò kan. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, bíréèkì tuntun ló ń rùn bẹ́ẹ̀." Bíréèkì kọ́, àbúrò. Owó ìyá ẹ ló ń jó. Ẹ kọjú mọ́tò wọlé, kí ẹ sì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú gosiló, ẹ jẹ́ kí àyè ṣí níwájú yín dáadáa kẹ́ ẹ tó gbéra. Tí ẹ bá dúró, ẹ fa pádù méjèèjì tó wà lẹ́yìn sítíárì pọ̀, ó máa bọ́ sí fíríì. Tí dánfó bá wọ àyè tí ẹ fi sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́.

Ẹ̀kẹta: gbígba ohun tí ẹni tó ń ta mọ́tò bá kà lójú kọ̀ǹpútà gbọ́. "Kílọ́ọ̀ṣì ṣì ku 80%." Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ipò tí wọ́n kọ sínú kọ̀ǹpútà pé kílọ́ọ̀ṣì wà nígbà tó jẹ́ tuntun ló fi ń ṣírò. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò tó tọ́ lè kọ òmíràn síbẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì tó ti darúgbó á sì di ọmọge lójú ẹ̀rọ. Rìsíìtì kílọ́ọ̀ṣì ni kẹ́ ẹ béèrè. Kẹ́ ẹ sì bi ẹni tó fi í sí i bóyá ó tún PIS ṣe lẹ́yìn náà. Ibi tí kílọ́ọ̀ṣì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í mú nìyẹn. Tó bá wò yín lójú bíi pé ẹ ń sọ èdè Ṣáínà, ẹ ti rí ìdí tí kílọ́ọ̀ṣì tuntun yẹn fi ń fò.

Ẹ̀kẹrin: ìgbàgbọ́ pé ọ́ìlì jíà kì í gbó. ZF, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe jíà ọ́tò, tó sì ń ṣe PDK fún Porsche, fúnra wọn ní kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì ọ́tò láàárín 80,000 sí 120,000 kìlómítà, tàbí tó bá pé ọdún 8.

Ẹ̀karùn-ún: dída ATF, ọ́ìlì pupa ti jíà ọ́tò, sínú gbogbo ihò. Hydraulic jíà F1 ń mu CS Speed, irin jíà náà ń mu ọ́ìlì tirẹ̀, PDK ti 911 sì ń mu oríṣi méjì tí kò gbọdọ̀ fojú kan ara wọn.

Wàyí o, ohun tó mú mi jókòó kọ èyí gan-an: títú jíà sílẹ̀ nítorí pé iná kan tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù.

Nínú àwọn jíà F1 tí wọ́n ti sọ fún mi pé "ó ti kú", èyí tí irin inú rẹ̀ bàjẹ́ lóòótọ́ kò wọ́pọ̀. Irin yẹn le. Àwọn tó yí i ká ló ń kú: pọ́ǹpù, relay tó ń gbé iná fún pọ́ǹpù, accumulator tó ń tọ́jú agbára hydraulic pa mọ́, àwọn sẹ́ńsọ̀, àti bátìrì. Ẹ̀yin fúnra yín lè bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò náà láìná kọ́bọ̀. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ má tíì ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ẹ dákẹ́. Ẹ máa gbọ́ kùùn láti ẹ̀yìn: pọ́ǹpù nìyẹn, ilẹ̀kùn tí ẹ ṣí ló jí i. Ó yẹ kó dún fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, kó sì dákẹ́. Tí ẹ bá ti tan iná mọ́tò, tó ń dákẹ́ tó tún ń bẹ̀rẹ̀ lemọ́lemọ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kan pádù, gáàsì inú accumulator ti sá lọ. Tí kò bá dákẹ́ rárá, relay ti lẹ̀ mọ́ra, pọ́ǹpù yín ń lọ sọ́run nìyẹn. Tí kò bá dún rárá, ẹ wo bátìrì kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni ní Dubai.

Mo dárúkọ Dubai nítorí Alhájì kan ní Ìkẹjà. F430 rẹ̀ ti wà nínú ọgbà láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí ọyẹ́ fi dé, ọjọ́ tó fẹ́ gbé e jáde, jíà kò wọlé. Ẹnìkan sọ fún un pé jíà ti lọ. Alhájì kò bèèrè ẹ̀ẹ̀mejì, ó fi owó ránṣẹ́, wọ́n sì fi jíà tòkunbọ̀ ránṣẹ́ sí i nínú àpótí onípákó. Àwọn tó kó o ti yọ gbogbo ohun hydraulic orí rẹ̀ kúrò, irin lásán ló dé. Wọ́n ní kí n wá gbé e sí i. Mo ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀: kẹ́kẹ́ pa. Mo fi mítà sí bátìrì, kò tó 12 fóòtì. Mo fi bátìrì mìíràn sí i, mo pààrọ̀ relay tí owó rẹ̀ kò tó owó epo tí mo fi wá, pọ́ǹpù kùn, mo fa pádù, jíà kìíní wọlé wẹ́rẹ́. Alhájì wo mọ́tò, ó wo àpótí, ó wá wò mí. "Ọ̀gá mẹkáníìkì, kí la wá fẹ́ fi èyí ṣe?" Ó ṣì wà lẹ́yìnkùlé títí dòní lábẹ́ tapólì, àwọn ọmọ ilé ń sá aṣọ lé e. Èmi náà, ọlọ́gbọ́n ayé, owó bátìrì, relay àti iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ ni mo gbà. Ẹni tó sọ pé jíà ti kú gba jù mí lọ.

Mọ́tò tí kì í jáde àfi ọjọ́ Sunday gbọ́dọ̀ ní ṣájà kékeré lórí bátìrì rẹ̀ nígbà gbogbo. Tí iná ọba kò bá gbà yín láyè, ẹ máa ṣájì rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá wà lórí. Jíà wọ̀nyí kì í fi bátìrì tí kò lókun ṣeré rárá, ẹ̀sùn rẹ̀ ló sì máa ń já lé jíà lórí.

Irú ìwà yìí náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn oníkílọ́ọ̀ṣì méjì, àfi pé owó tiwọn tún pọ̀ jù. Fún ìgbà pípẹ́, Porsche kò ta àwọn ohun inú PDK lọ́tọ̀, Ferrari náà kò ta ti inú jíà California àti 458. Odindi ni wọ́n máa ń ní kẹ́ ẹ rà, owó odindi sì ń kọjá 10,000 dọ́là. Bẹ́ẹ̀ sẹ́ńsọ̀ kan nínú rẹ̀ ló sábà máa ń bàjẹ́. Àwọn oníṣẹ́ aládàáni ti wà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà báyìí tí wọ́n ń tú u, tí wọ́n ń pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ yẹn nìkan. Ẹ béèrè kóòdù tí kọ̀ǹpútà kà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ tó gbà pé odindi ni. Ẹni tí kò tú PDK rí, kó má fi tiyín kọ́ṣẹ́.

Mercedes oníjíà 722.6, irú ọ́tò tó wà nínú SL55 yẹn, ńkọ́? Ẹ wo ike ibi tí wáyà ti wọ ara jíà, ike kékeré tí rọ́bà roboto wà lára rẹ̀. Tí rọ́bà yẹn bá gbó, ọ́ìlì á máa gba inú wáyà gòkè títí á fi dé inú brain box. Ẹ fa sọ́kẹ́ẹ̀tì brain box yọ: tí ọ́ìlì bá wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ ti mú olè. Mo mọ ẹni tó ra brain box lẹ́ẹ̀mejì láìpààrọ̀ ike yẹn.

GT-R: ẹ fi launch control, ètò tó ń jẹ́ kí mọ́tò fi gbogbo agbára fò gbéra, sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà níbi tí títì ti tẹ́jú, àwọn tó kọ́kọ́ rà á bá Nissan fa wàhálà wáráńtì nítorí rẹ̀.

Ẹ má sì gbé èyíkéyìí nínú wọn wọ omi. Ẹ máa bú ìjọba nílé.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi gbogbo owó ọwọ́ yín ra mọ́tò kẹ́ ẹ wá máa bẹ̀ mí lórí kílọ́ọ̀ṣì. Dọ́là àti yúrò ni wọ́n fi ń ta á. Kí náírà tó já ní Okúdù 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní ọjà ìjọba. Ní 2024 ó ti kọjá 1,500. Iye tí mo bá dá fún yín lọ́jọ́ Ajé lè má jẹ́ òun mọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, nítorí náà ẹ san owó páàtì lọ́jọ́ tí a bá jọ sọ ọ́. Owó iṣẹ́ tèmi la ṣì lè dúnàádúrà lé lórí.